Ṣẹ́kẹ́ṣekẹ̀ Kì Í Tún Ìwà Ọmọ Ṣe

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ọmọ ta wá lọ́rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW).

Ẹ̀yin òbí wa, lọ́dọọdún ni àwa olùkọ́ ilé-kéú máa ń gbọ́ ọ pé: "Àáfà, ọmọ yìí ti sú mi. Ẹ nà án títí ìwà rẹ̀ yóò fi yí padà."

Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ibi kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ìwà ní Ọjọ́ọ̀, tí kò jìnnà sí Agbowó wa yìí. Ènìyàn 259 ni wọ́n kó jáde, ọmọdé wà láàrin wọn, ẹlòmíràn sì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣekẹ̀. Àwọn kan ní ẹbí àwọn ni ó mú àwọn wá síbẹ̀.

Ẹ̀sìn kọ́ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Anas ọmọ Mālik sin Ànábì fún ọdún 10, ó sì jẹ́rìí pé kò ṣe ṣíọ̀ sí òun rí. Ibn Khaldun, àgbà onímọ̀ tí ó kú ní ọdún 1406, kọ ọ́ sínú Muqaddimah pé ìnilára máa ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Ọmọkùnrin kan kì í dá mi lóhùn, ìjà ló sì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Mo nà án títí. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ pé etí ń dùn ún. Mo ní kò gbọ́ràn. Àṣé etí rẹ̀ ni kò gbọ́. Mo gbé e wá sí iwájú, ìjà dín kù. Ojú tì mí.

Òbí, ẹ sọ ohun tí ojú ọmọ ti rí fún wa: ikú, ìkọ̀sílẹ̀, àìsàn. Olùkọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí nǹkan bá ń ni yín lára, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá ju agbára wa lọ, àwọn dókítà tí ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé wà ní UCH. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

N kò ní kí a má bá ọmọ wí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá a wí, òsì ni a ó fi fà á mọ́ra. Ọmọ tí a so mọ́lẹ̀, ta ni yóò fà á mọ́ra?

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa. Àmín.