Gáàsì Kì í Gòkè: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Sílíńdà Nílé

Igi àti èédú ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní agbègbè Collines, ṣì fi ń dáná. Èédú agbègbè yìí kan náà ni wọ́n ń kó lọ sí Cotonou, igbó wa sì ń tán lọ. Ìdí nìyí tó fi dára bí ilé kan bá ra sílíńdà gáàsì, ìbáà jẹ́ ti kílò 6 tàbí ti kílò 12.5. Àmọ́ ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ mọ ìwà ohun tó gbé wọlé.

Gáàsì ìdáná, ìyẹn bùténì àti pùrópénì, omi ni nínú sílíńdà. Bó bá jò, á di afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ ju omi náà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún wúwo ju èyí tí à ń mí: pùrópénì tó ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀, bùténì tó bí ìlọ́po méjì. Nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń gbá lọ, tí á wọ kòtò, tí á sì rọra kún abẹ́ ibùsùn. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná fìrí inú swíìṣì tó láti mú un gbiná.

Ìwà yìí ló bí gbogbo òfin tó kù. Ìta ni kí sílíńdà wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí òòrùn kò pa, kó jìnnà sí kòtò ìdọ̀tí. Kó wà ní ìdúró nígbà gbogbo, títí kan orí alùpùpù zémìjàn. Bó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì ni yóò dé ẹnu rẹ̀, omi náà ni yóò sì tú jáde. Nínú ooru oṣù kejì sí ìkẹrin, omi inú rẹ̀ a máa wú. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í rọ ọ́ kún dé ẹnu.

Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, láé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù náà wúwo, ilẹ̀ lòun náà ń gbá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Podji, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Bí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó. Òórùn burúkú tí ẹ ń gbọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i láti kìlọ̀ fún wa ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú ilé, ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á. Ẹ kó ọmọ jáde, kí ẹ tó pe àwọn panápaná lórí 118 láti ìta.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí sílíńdà yín bá wà nínú yàrá lónìí, ẹ gbé e síta kí ilẹ̀ tó ṣú.