Ta Ló Gbé Ásímà Wọlé?

Bí ásímà bá mú ọmọ, ẹjọ́ tó máa ń kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ni ti ta ló gbé e wá. Ìyá ọkọ á ní kò sí irú ẹ̀ nílé àwọn. Ìyàwó náà á ní kò sí nílé bàbá òun.

Òótọ́ ni pé ásímà máa ń rìn nínú ẹbí. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ó rọrùn kó mú ọmọ. Bó bá jẹ́ àwọn méjèèjì ni, ewu náà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò rí bíi ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Jíìnì kan ṣoṣo ló wà nídìí ìyẹn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ AS àti SS wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ti ásímà lé ní ọgọ́rùn-ún, díẹ̀díẹ̀ sì ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ rí èyí tó lágbára jù fún tọmọdé lórí kírómósómù kẹtàdínlógún. Síbẹ̀, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ fún àfẹ́sọ́nà pé ọmọ wọn yóò ní in.

Ohun mìíràn ni pé ara tó tètè máa ń bínú sí nǹkan ni ọmọ ń jogún. Lára ẹnì kan, ó lè jáde bí ara yíyún. Lára ẹlòmíràn, bí sísín ní gbogbo òwúrọ̀. Lára ọmọ, kó di ásímà. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ rántí dáadáa kí ẹ tó ní kò sí nílé yín.

Àjogúnbá nìkan kọ́ o. Àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀ ń jogún ohun kan náà, síbẹ̀ ó lè mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ohun tí ọmọ ń fà símú wà níbẹ̀: ẹ̀fín sìgá, ẹ̀fín igi ìdáná, eruku inú tìmùtìmù, ìdọ̀tí aáyán. Ẹ má mu sìgá nítòsí aláboyún tàbí ọmọ. Ẹ máa fọ aṣọ ìbùsùn lóòrèkóòrè. Bí dókítà bá fún ọmọ ní ínhélà, ẹ jẹ́ kó máa lò ó bí wọ́n ṣe sọ. Kì í di bárakú.

Bí èémí bá há tí ọmọ kò lè sọ̀rọ̀ tán, tí awọ ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ fún un ní ínhélà tó ń tú èémí, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹjọ́ ta ló gbé e wá sílẹ̀. Ọmọ tí ẹ jọ bí ni.