Èkúté Ilé àti Ìgbálẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ìgbà ẹ̀rùn tí a ti kórè àgbàdo tán, tí a sì ti dáná sun igbó, ni èkúté ń wá ibùgbé sọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ti èkúté tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ihò tí gègé ìkọ̀wé bá wọ̀, ọmọ èkúté lè gba ibẹ̀ wọlé. Sìmẹ́ńtì ni kí ẹ fi dí i. Àkísà kò tó, yóò gé e jẹ. Kí gàrí àti èlùbọ́ kúrò nínú àpò, kí wọ́n bọ́ sínú agolo onídèérí. Májèlé tí àwọn kan ń fọ́n kiri ilé, n kò fara mọ́ ọn níbi tí ọmọdé bá wà.

Ìgbálẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún 2016, ibà Lassa pa ènìyàn ní Tchaourou, lápá àríwá Ṣábẹ̀ẹ́. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù lọ ni àrùn náà ń gbà jáde. Bí a bá gbá ìgbẹ́ gbígbẹ, eruku rẹ̀ ni a ó fà símú. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi javel sí i, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Ọmọdé ni a sì sábà máa ń rán ní iṣẹ́ yìí láàárọ̀. Ẹ má rán wọn mọ́.