Ààwẹ̀ Tí À Ń Gbà, Àti Ọ̀yà Tí A Kò San

Nípa ààwẹ̀ ni mo ti pinnu láti kọ̀wé lóṣù yìí. Mo ti ṣí Aísáyà orí 58 sílẹ̀, mo tilẹ̀ ti kọ ojú ìwé kan, kí arábìnrin kan tó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn ló gbà pé kí n kọ ọ́ síhìn-ín.

Ó pọn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Iṣẹ́ dídi búrẹ́dì sínú ọ̀rá ni ó ń ṣe ní bèkírì kan ní àdúgbò wa, ó sì ti lé ní ọdún méjì níbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦40,000. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, tí ó mú ìwé dókítà wá, wọ́n ní kí ó lọ sinmi, kí ó padà bí a bá ti gbóhùn ìyá, tí a gbóhùn ọmọ. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, ó ránṣẹ́ sí wọn. Èsì tí ó gbà ni pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Kò sí owó, kò sí ìwé.

Mo bi í pé ta ni ó ni bèkírì náà. Ó dákẹ́. Mo tún bi í. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó di ìjà. Màmá wa díákónì ni, àwọn tí ń mú búrẹ́dì oúnjẹ Olúwa wá."

Mo wo Bíbélì tí ó wà níwájú mi. Ẹsẹ kẹta orí náà, tí mo ti fò kọjá kí n lè tètè dé ẹsẹ kẹfà, sọ ìdí tí Ọlọ́run kò fi ka ààwẹ̀ àwọn ènìyàn náà sí: lọ́jọ́ ààwẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wàásù lórí orí yìí. N kò dúró níbẹ̀ rí.

Kí n tó pe Màmá, mo lọ bi amòfin kan nínú ìjọ wa, nítorí wọn kò kọ́ wa ní òfin iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó ní apá 54 nínú Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé obìnrin tí ó bá mú ìwé dókítà wá lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ìbímọ rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ 6, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù 6 ṣáájú, owó rẹ̀ ní àkókò náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì. Wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró nígbà tí ó wà nínú ìsinmi náà. Bí ó bá padà, tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, yóò gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1919, níbi ìpàdé àkọ́kọ́ Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé ní ìlú Washington, ni wọ́n ti fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ 6 àti 6 yìí, àti ààbọ̀ wákàtí ẹ̀ẹ̀mejì náà. Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní oṣù 6 pẹ̀lú owó, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Wọ́n fún baba ọmọ pàápàá ní ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Màmá kò bá mi jà. Ó ṣírò fún mi. Ó sọ iye tí àpò ìyẹ̀fun àti dísù ti dà láti 2023 tí náírà ti wálẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ 11 péré ni òun ní, pé òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024, kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Mo mọ ìnira rẹ̀. Mo ti gbàdúrà nínú bèkírì yẹn lọ́jọ́ tí ààrò wọn tutù nítorí pé kò sí ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n apá ti ìyá ọlọ́mọ kò ka iye òṣìṣẹ́. Ìdajì ₦40,000 fún ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ nǹkan bí ₦55,000. Màmá mú ju ìyẹn lọ wá síbi ìkórè wa tí ó kọjá. Èmi ni mo ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Àwọn kan yóò ní kí arábìnrin náà fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, nítorí Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí onígbàgbọ́ pe onígbàgbọ́ lẹ́jọ́. Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì orí 6 dáadáa. Pọ́ọ̀lù béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàrin wọn tí ó lè dájọ́. Ìjọ tí kò bá lè dá ẹjọ́ náà bó ti tọ́, nítorí pé ìdámẹ́wàá ọ̀gá pọ̀, kò ní ẹnu láti dí òtòṣì lọ́nà. Ìjọba Èkó ní Citizens' Mediation Centre, tí ń parí aáwọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Mo sọ èyí lójú àwọn méjèèjì.

Nígbà náà ni Màmá bi mí ní ìbéèrè tí ó gún mi: "Dádì, ìyá tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọjọ́ wo ni ẹ fún wọn sinmi?" Mo ronú. Ọjọ́ Àìkú, ìsìn. Ajé, gbígbá ilẹ̀ ìsìn àná. Ìṣẹ́gun, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọjọ́rú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ọjọ́bọ̀, àkọrin. Ẹtì, ìṣọ́ òru. Àbámẹ́ta, ìgbéyàwó. Òfin kan náà sọ pé ìsinmi wákàtí 24 gbáko tọ́ sí òṣìṣẹ́ láàrin ọjọ́ méje, Òfin Mẹ́wàá sì ti dárúkọ ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin nínú ọ̀rọ̀ ìsinmi kí ìjọba kankan tó ṣòfin. Ọdún mẹ́ta ni ìyá yìí ti wà lọ́dọ̀ wa.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí ó ń jáde ní Ìkòtún ní agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí lọ sí Victoria Island, tí ó ń wọlé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí àwa tún ní kí ó wá ìṣọ́ òru ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ìgbà wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí i? A ti dín ìṣọ́ òru kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Àwọn kan ń kùn. Kí wọ́n máa kùn.

Màmá san ₦55,000 náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá agbálẹ̀ ń sinmi ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Arábìnrin wa padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé ọmọ wá bá a ní agogo mẹ́wàá àti agogo méjì, ó ń jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun fún un lọ́mú.

Ó ku ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sípò rẹ̀. Òun kọ́ ni ó ṣẹ̀, a kò sì lè tìtorí ẹnì kan lé e sí ìgboro. Màmá fi í sí iṣẹ́ ọ̀sán. Òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó kọ owó àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí oṣù 3 tó pé. Ó gbọ́ pé arábìnrin wa ti gba tirẹ̀, ó sì wá bá mi lẹ́yìn ìsìn: "Dádì, ẹ bá mi bi Màmá bóyá tèmi náà máa wà." Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ajé.