Ẹni Tó Bá Fẹ́ Sùn, Kó Má Ra Ilé Àyágbé

Ó ti sú wa. Lójoojúmọ́ tí a bá ṣí fóònù, ẹnìkan á ti wà níbẹ̀ tó ń kọ́ ọ̀dọ́ bó ṣe máa di lánlọ́ọ̀dù kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ra ilé, fi ayálégbé sí i, lọ sùn, owó á máa wọlé. Tó bá wá kan Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní ibẹ̀ gan-an ló rọrùn jù, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n tó ti Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH sì pọ̀, yàrá ò lè ṣófo láéláé. Irọ́ ni. A sì máa sọ ìdí tó fi jẹ́ irọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀ sí i, títà náà ò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí fúnra ẹ̀ bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ìdílé létí, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni àṣẹ lórí ilẹ̀ wà. Ẹni tó bá ra ilé tó ti ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí títà náà tó fìdí múlẹ̀. Èyí ò sí nínú fídíò oníṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi rìsíìtì lásán ra ilẹ̀, ẹjọ́ ọjọ́ iwájú ló rà.

Ká wá ní ilẹ̀ mọ́, ilé sì ti dúró. Ta ló máa gbé inú ẹ̀? Ní Under G, ní Adéníkẹ̀ẹ́, ní Stadium, tìtorí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé rẹpẹtẹ. Àwọn àgbà sì ti ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọdún 1990 ni wọ́n dá LAUTECH sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń ti ẹrù owó ilé ẹ̀kọ́ náà síra wọn, láti 2016 wọ 2017, ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹ̀kọ́ fi dúró, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé òbí wọn. Olóúnjẹ, ọlọ́kadà, onífọ́tókọ́pì àti onílé, kò sẹ́ni tí kò kàn. Ní 2020, kòrónà tún ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ní ìparí ọdún yẹn, Ọ̀yọ́ nìkan gba ilé ẹ̀kọ́ náà, ara sì tu ìlú díẹ̀. Àmọ́ ní 2022, wọ́n dá ọgbà LAUTECH mìíràn sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. A ò ní ó burú. Ìsẹ́yìn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kẹ́rù lọ sí Ìsẹ́yìn, ilé tí ẹ kọ́ sí Under G ò lè tẹ̀ lé e.

Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí irú èyí rí. Àwọn oníṣòwò ìlú náà ti wà ní Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ní Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan sì ti kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò. Ọjà ṣeé dì sẹ́rù, ilé ò ṣeé dì. Ẹni tó nílé níbẹ̀, iye tí ẹni tó fẹ́ rà á bá pè náà ló máa gbà, àbí kó fi í sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Náírà ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, ilé ò já wálẹ̀." Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé tó níwèé lè pa owó mọ́. Ṣùgbọ́n kí nǹkan pa owó mọ́ yàtọ̀ sí kó máa bọ́ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ilé oníyàrá mẹ́wàá jẹ mílíọ̀nù 25 náírà, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦150,000 wá lọ́dún. Mílíọ̀nù 1.5 nìyẹn lórí ìwé. Yàrá méjì ṣófo, ó ku mílíọ̀nù 1.2. Ẹni tó ń bójú tó o gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ku ₦1,080,000. Ẹ̀rọ omi bàjẹ́, soakaway kún, ìjì ká páànù: ẹ yọ ₦250,000. ₦830,000 ló kù. Ọgbọ̀n ọdún ni mílíọ̀nù 25 yẹn máa lò kó tó padà dé. Owó ilé á gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì àti páànù náà ò jókòó sójú kan.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni ti àbójútó. Àbúrò wà ní London tàbí Houston, ó ń fowó ilé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí àdéhùn, kò sí owó iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n fi owó ilé tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó gbà pé owó ẹbí ni. Àbúrò ní wọ́n ja òun lólè. Ilé tí wọ́n rà kó lè gbé ẹbí ró ti tú ẹbí ká. Ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ lo ojú ẹlòmíràn, kó sanwó ẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Orí ayálégbé ni gbogbo ẹ̀ ń já sí. Lánlọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣèlérí owó ojú oorun fún, tí kò rí i, á fowó kún owó ilé, kò ní tún ẹ̀rọ omi ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó ọdún kan á wá máa pọnmi nílé kejì. Tí kò bá tètè rí òmíràn san, wọ́n á ti yàrá mọ́ ọn lójú, bẹ́ẹ̀ òfin ò gbà á. Tí ìwé àdéhùn ò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé olóṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Ó ń falẹ̀, ó sì ń náni lówó. Ẹni tí kò lè fara dà á, kó má bẹ̀rẹ̀.

A ò ní kẹ́ ẹ má ra ilé. Ẹ rà á bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Kí omi ṣáájú yàrá. Kí owó àtúnṣe wà ní báńkì kí ayálégbé àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ má sì fi gbogbo yàrá dúró de akẹ́kọ̀ọ́: nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn Bowen, oníṣòwò wà ní Tákíé, àwọn náà ń wá ilé tó lómi. Lẹ́yìn náà, ẹ bi olùkọ́ orí fóònù yín léèrè pé èló ló ń rí lórí owó ilé lọ́dún, èló ló sì ń rí lórí owó tí ẹ ń san láti gbọ́rọ̀ ẹ̀. Tó bá dáhùn, ẹ máa mọ ẹni tó ń sùn tí owó ń wọlé fún.