Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ wa, mo sì fẹ́ dá sí i. Àwọn kan ní kí ìdíje orin tí a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ àṣà rí bíi ti orí tẹlifíṣàn gẹ́lẹ́: kí olúkúlùkù wá kọ orin olórin tó ti gbajúmọ̀, ìbáà jẹ́ orin Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn adájọ́ fún un ní máàkì, kí èrò sì dìbò. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo ní kí a béèrè orin tí olùdíje fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ní èdè Yorùbá. Ẹni tí mo sì pè ní ẹlẹ́rìí mi ni Niniola Apata, ọmọ Èkìtì, ẹni tí tẹlifíṣàn kọ́kọ́ fi hàn wá.

Ọdún 2013 ni Niniola, tó kàwé ní Yunifásítì Èkó, wọ ìdíje Project Fame West Africa. Ẹ ó rántí bí ètò náà ṣe máa ń rí. Wọ́n á kó àwọn olùdíje sínú ilé kan, àwọn olùkọ́ á máa kọ́ wọn ní ohùn àti ijó. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ìtàgé, àwọn adájọ́ á sọ tẹnu wọn, àwọn tó ń wò nílé á sì fi fóònù dìbò. Lọ́dún náà, Olawale Ojo ló gba ipò kìn-ín-ní. Niniola kọrin títí, kò gba adé.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 2014, Niniola gbé orin rẹ̀ àkọ́kọ́, “Ibadi”, jáde. Sarz ló bá a ṣe ìlù rẹ̀. Yorùbá ló ń ti ẹnu ọmọbìnrin náà jáde lórí ìlù háúsì, irú ìlù tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà mọ̀ dunjú. Ní 2017, òun àti Sarz yìí kan náà tún ṣe “Maradona”, àwo rẹ̀ “This Is Me” sì jáde lọ́dún yẹn. Nígbà tó di 2019, tí Beyoncé ń ṣe àwo “The Lion King: The Gift”, ó mú nínú “Maradona” yìí, ó fi sínú orin rẹ̀ “Find Your Way Back”. Ẹ ò rí i pé orin tí ọmọ Èkìtì fi Yorùbá ṣe ló dé ọ̀dọ̀ Beyoncé ní Amẹ́ríkà!

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò dáadáa. Kí ló dé tí ìdíje kò fi rí ohun tí ayé padà rí lára rẹ̀? N kò ní àwọn adájọ́ ṣe ojúsàájú. Ohun tí mo rí ni pé orin ẹlòmíràn ni wọ́n sábà máa ń kọ níbẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ orin olórin, ohùn rẹ̀ la lè wọ̀n, a sì lè wọn ìgboyà rẹ̀ níwájú èrò. A kò lè wọn orin tí kò tíì ṣe. Kóńgò tí a fi ń wọn ẹ̀wà kò lè wọn aṣọ.

Ẹ wo àwọn káfíńtà wa ní Kugbo níbí. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣe irú àga tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti gba fírídọ̀mù, tó dá dúró, àga tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni oníbàárà á wá bá a rà. Lọ́jọ́ tí a bá gbé àga délé, gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Tó bá pẹ́ díẹ̀ la ó tó mọ èyí tí oríkèé rẹ̀ le.

Kì í ṣe Niniola nìkan. Timi Dakolo ló gba ipò kìn-ín-ní nínú Idols West Africa ní 2007, síbẹ̀ 2011 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, “Beautiful Noise”, tó jáde. Iyanya gba Project Fame ní 2008. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ kí “Kukere” rẹ̀ tó gba ìgboro. Àwọn méjèèjì gba adé, wọ́n ṣì ní láti lọ wá orin tiwọn. Ẹ tún wo Dakolo yìí. Ìpínlẹ̀ Bayelsa ló ti dàgbà, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ kọrin fún aya, “Iyawo Mi” ló fi ṣe àkọlé rẹ̀. Àlejò wá yá ẹ̀ṣọ́ nílé wa, ó fi lọ òde, ó sì yẹ ẹ́. Kí ló wá dé tí àwa onílé fẹ́ fi tiwa sílẹ̀?

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí kò bá sí tẹlifíṣàn, ta ni ì bá mọ Niniola? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò jiyàn. Ìdíje náà fi ojú rẹ̀ han ayé, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń dúró níwájú èrò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà ni ìdíje jẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í sùn sí ẹnu ọ̀nà.

Mo tún ti gbọ́ ẹ̀yin tó ní ọ̀rọ̀ ìbàdí ti pọ̀ jù nínú orin rẹ̀. Èmi náà kò ní fi gbogbo rẹ̀ kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹ̀fẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orin Yorùbá. Ẹ bi àwọn eléré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu. Bí ẹ bá sì fẹ́ orin tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é. Ìdí gan-an tí mo fi ní kí a béèrè orin tuntun nìyẹn.

Mo mọ̀ pé èyí kò ní rọrùn fún gbogbo wa. Àbújá la wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí wa sí, Yorùbá tí a sì ń gbọ́ kò ju èyí tí ìyá ń sọ nílé. Bí a bá wá ní kí wọ́n kọ orin olórin, wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe orin Yorùbá fúnra rẹ̀ á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á béèrè ọ̀rọ̀, á wá òwe, á mọ ìyàtọ̀ láàrin igbá àti ìgbà. Kó tó dórí ìtàgé, ó ti jèrè.

Nítorí náà, àbá mi rèé: kí olùdíje kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá tó jẹ́ tirẹ̀. Kó yan ìlù tó bá wù ú, fújì ni o, háúsì ni o. Kó sọ ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀, Èkìtì, Ìjẹ̀bú tàbí Okun. Kí ẹni tí èdè kò dá lẹ́nu rẹ̀ wá ẹnìkejì tó gbọ́ ọ, kí wọ́n jọ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ kí tiwa dípẹtà sínú àpótí. Ire o.