Iṣẹ́ Ìlú Kì Í Ṣe Ìyà, Ẹ̀kọ́ Ni

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo àgbẹ̀ tí ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ fi ara balẹ̀ gbé yẹ̀wò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, nígbà tí ọmọ bá pẹ́ dé, tàbí tí ó bá pariwo ní kíláàsì, ni a máa ń gbé àdá lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ ṣán koríko. Nípa báyìí, láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni í ṣiṣẹ́, aláìlẹ́ṣẹ̀ ni í jókòó sí ibòji. Àwọn olùkọ́ kan sì wà tí ó jẹ́ pé oko tiwọn ni wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ, tí wọ́n ń pe èyíinì ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jáde ìwé tán, tí ó kẹ̀yìn sí oko baba rẹ̀, ta ni kí a bá wí?

Àwa kò wí pé kí a kó ọkọ́ àti àdá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ tí a ṣe fún ìlú láìgba kọ́bọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti jẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì yẹ kí a máa kọ́ ọmọ ní i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti ń ṣe àáró, tí wọ́n sì ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń kọ ebè, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ pé ẹnì kan kò lè dá ìlú ṣe.

Gbèsè sì wà lọ́rùn ọmọ tí ó kàwé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000; ní ọdún 1954 wọn kò tó 460,000. Owó orí àti owó kòkó wà lára ohun tí a fi ṣe é. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé rí ni ó fi òógùn rẹ̀ rà á fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Báwo ni a ó ti san án padà fún un?

Ní ọdún 1956, Táí Ṣólàrín dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń dá oko, wọ́n sì ń bá wọn kọ́ ilé tí wọ́n ń lò. Ọ̀gá náà kò dúró lókèèrè máa pàṣẹ. Òun pẹ̀lú wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ ní àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 100,000 fi ìlú sílẹ̀ lọ sí abúlé ní ọdún 1961. Lọ́sàn-án wọn a bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Lálẹ́ wọn a tan fìtílà, wọn a kọ́ ọ ní ìwé. Kí ọdún náà tó parí, ènìyàn tí ó lé ní 700,000 ti mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kà. A lè fẹ́ràn ìjọba wọn, a sì lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọdún náà.

Àwa náà ní àwọn àgùnbánirọ̀ láti ọdún 1973, tí wọ́n ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ẹni tí ó ti gboyè ní yunifásítì ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti sin ìlú. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Baba kan lè wí pé, “Èmi kò rán ọmọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ó lọ roko.” Òtítọ́ ni baba sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ju oko ríro lọ. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò lè dúró ti òṣùwọ̀n nígbà tí a bá ń wọn kòkó, kí ó ka iye kílò fún ẹni tí kò lè kà á, kí a má bàa rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ tí ó ń kọ́ nípa kẹ́míkà lè ka ara ìgò oògùn kòkó fún àwọn baba: omi mélòó ni kí a lú u, ọjọ́ mélòó ni kí a dúró kí a tó ká kòkó. Ọ̀pọ̀ ń fi ojú díwọ̀n rẹ̀, ó sì ń pa wọ́n lára. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tí ìlú àti àwọn òbí jọ yàn. Kí iṣẹ́ náà bá ohun tí ọmọ ń kọ́ ní kíláàsì mu. Kí olùkọ́ bá wọn ṣe é. Kí ó sì di èèwọ̀ láti fi iṣẹ́ jẹ ọmọ níyà, tàbí láti kó ọmọ lọ sí oko ẹnikẹ́ni fún èrè ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìjọba nìkan. Nígbà tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá kàn, ẹ lọ, ẹ sì béèrè pé, “Iṣẹ́ wo ni àwọn ọmọ wa ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí, ta ni wọ́n sì ṣe é fún?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ ìlú, ẹ bá wọn gbé e. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má ṣe jókòó kí ó tó dópin.